Mọ́tò tí wọ́n ń tò ní Nàìjíríà, kí ló dé tí owó ẹ̀ ò wálẹ̀?

Ìbéèrè tí àwọn kọ́sítọ́mà máa ń bi mí jù nìyí, pàápàá tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ iye tí wọ́n ń ta tòkúnbọ̀: "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé àwa náà ò lè ní mọ́tò kékeré tiwa ni?" A ti ní in rí o. Ní 1975 Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Àgbádárìgì, Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún yẹn. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle tí ọ̀pọ̀ bàbá wa fi kọ́ mọ́tò, Ọ̀jọ́ ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti jáde. Mọ́tò gidi! Ẹ̀yìn lẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò ní rẹdíétọ̀ tó máa jò, bọ́ọ̀tì mẹ́rin ló so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ bá ti tú u, ẹ́ńjìnnì ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ títò ni mo sọ o, mi ò sọ pé ṣíṣe. Inú àpótí ni pátì ti ń wá láti òkè òkun, kódà Volkswagen Igala tẹ́ ẹ rántí yẹn, láti Bràsíl ni. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra pátì, nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, wá dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, owó mọ́tò fò sókè, àwọn tó ń rà á sì bọ́ sídìí tòkúnbọ̀. Nígbà tó máa fi di ọdún 1990 àti díẹ̀, Volkswagen ti palẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń mú owó mọ́tò wálẹ̀ ni pátì tí wọ́n ṣe nítòsí, tí wọ́n sì ṣe é lọ́pọ̀. Mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń tẹ bọ́ńpà lásán, owó ńlá ni, tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan mọ́tò péré lẹ máa ṣe, orí ẹgbẹ̀rún yẹn ni gbogbo owó yẹn máa jókòó lé. Íńdíà náà fi pátì Japan bẹ̀rẹ̀ Maruti 800 wọn ní 1983, ṣùgbọ́n wọ́n fi dandan lé e pé kí pátì abẹ́lé máa pọ̀ sí i, àwọn tó ń ṣe é sì wá tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ fáktìrì. Tiwa ńkọ́? Oko rọ́bà wà l'Óǹdó àti Ẹdó o, síbẹ̀ Michelin ti fáktìrì táyà ẹ̀ pa ní 2007, Dunlop n'Íkẹjà tẹ̀ lé e. Àjàòkúta tó yẹ kó máa ṣe irin fún wa, ẹ jẹ́ á fìyẹn sílẹ̀. Ní 2013 ìjọba gbé owó kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́tò tuntun dé 70%, wọ́n rò pé ìyẹn nìkan á tó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra èyí tí wọ́n tò nílé, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ládípọ̀, ọjà pátì mọ́tò l'Ékòó, ẹ béèrè iná iwájú ẹ̀. Kọ́sítọ́mà mi kan ò béèrè, ọ̀sẹ̀ méje ló fi dúró de ẹyọ kan. Iná Corolla àbúrò ẹ̀, tó ti gbó bí àáké, ọ̀sán ọjọ́ tó fọ́ náà la rà á.