Bí a ṣe ń wá ìparí ìtàn ọmọ ogun Kọ̀nfẹ́dérétì

Nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó jà fún Kọ̀nfẹ́dérétì, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà kí wọ́n má bàa pàdánù ẹrú wọn, ọ̀rọ̀ sábà máa ń dákẹ́ lójijì. Káàdì ìkẹyìn lè sọ pé ẹni náà wà lágọ̀ọ́ ní òpin 1864, kò sì ní sí nǹkan kan mọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti gbà nítorí èyí pé baba ńlá wọn sá lójú ogun. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá.

Lóṣù díẹ̀ tó kẹ́yìn ogun, ebi ń pa ọmọ ogun, wọ́n ń rìn tọ̀sán-tòru, ta ló ráyè kọ orúkọ? Nígbà tí wọ́n sá kúrò ní Richmond, olú-ìlú Kọ̀nfẹ́dérétì, ní oṣù Kẹrin 1865, iná jó ìlú náà, ìwé sì ṣòfò. Èyí tí wọ́n gbé dé Charlotte bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun Àríwá, ó sì dé Washington. Ní 1903 ni àwọn akọ̀wé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í da orúkọ inú wọn kọ sórí káàdì, tí National Archives, ilé ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, ń tọ́jú báyìí. A kì í sábà rí àwọn ẹrú tí wọ́n fipá mú gbẹ́ yàrà ogun níbẹ̀. Ìwé owó iṣẹ́ ni orúkọ wọn wà, olówó wọn ló sì ń gba owó náà.

Ìwé àwọn tó ṣẹ́gun ló wá sọ ìyókù. Ní Appomattox ní Virginia, lẹ́yìn tí ọ̀gágun Lee ti Kọ̀nfẹ́dérétì juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin 1865, nǹkan bí 28,000 ènìyàn ló gba ìwé ìdásílẹ̀ pé wọn kò ní gbé ìbọn mọ́. Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Johnston, ọ̀gágun Kọ̀nfẹ́dérétì mìíràn, North Carolina ni ká ti wá tirẹ̀. Ní Texas, ọ̀pọ̀ ti túká lọ sílé kí àwọn ọ̀gá tó fọwọ́ síwèé, nítorí náà àìrí ìwé níbẹ̀ kò sọ ohunkóhun.

Àkọsílẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n ogun ló máa ń wúlò fún wa jù. Ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Point Lookout tàbí Elmira, àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ogun Àríwá, ní láti búra fún ìjọba àpapọ̀. Wọ́n a kọ ibùgbé rẹ̀, gíga rẹ̀, àwọ̀ irun àti ojú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà mìíràn, àpèjúwe yìí nìkan ni àwòrán ẹni náà tó kù.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba àpapọ̀ kò fún àwọn ọmọ ogun Kọ̀nfẹ́dérétì ní owó ìfẹ̀yìntì. Ìpínlẹ̀ tí arúgbó náà ń gbé ló ń san án, kì í ṣe ibi tó ti wọṣẹ́ ogun, ibẹ̀ sì ni fáìlì rẹ̀ tàbí ti opó rẹ̀ wà. Wọ́n sábà máa ń bi í níbi tó wà nígbà tí ogun parí. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tako ìwé ìdásílẹ̀ 1865, ìwé ìdásílẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbà.