Regression nínú dráífà dísìkì: bí a ṣe ń dá a mọ̀, bí a ṣe ń tún un ṣe

Bí láptọ́ọ̀pù bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kernel Linux àtijọ́ (kernel ni ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), tí dísìkì rẹ̀ wá ń ta kókó lẹ́yìn tí a fi kernel tuntun sí i, regression nìyẹn: ohun tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tí àyípadà nínú kernel bà jẹ́. Dísìkì tí kernel kankan kò tíì lè lò rí kò sí lára rẹ̀. Àléébù lásán nìyẹn. Ìyàtọ̀ yìí wúlò, torí Linus Torvalds àti àwọn tó ń bójú tó Linux ti fi í ṣòfin pé àyípadà tó bá da iṣẹ́ oníǹkan rú gbọ́dọ̀ ní àtúnṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́. Ẹni tó bá lè fi hàn pé ẹ̀yà báyìí dára, èyí tó tẹ̀ lé e kò dára, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre.

Dráífà ni apá kernel tó ń bá dísìkì sọ̀rọ̀: ahci àti libata fún SATA (ọ̀nà ìsopọ̀ dísìkì ti àtijọ́), nvme fún NVMe (ti tuntun tó yára jù). Ẹ wo Linux 6.9, tó jáde ní oṣù Karùn-ún 2024. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ AHCI (èyí tó ń darí dísìkì SATA) tí wọ́n kà sí ti láptọ́ọ̀pù nìkan ni kernel máa ń fúnra rẹ̀ ṣọ́ iná lò fún. Wọ́n mú ìyàtọ̀ yẹn kúrò, ètò náà sì wá kan gbogbo ẹ̀rọ AHCI. Àwọn SSD kan wà tó sọ pé àwọn lè sùn kí àwọn sì jí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sùn, jíjí di ìjàngbọ̀n. Crucial CT240BX500SSD1, Apacer AS340 àti AMD Radeon S3 wà lára wọn.

Nínú dmesg (àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kernel), ẹ ó rí “exception Emask”, “failed command: READ FPDMA QUEUED”, lẹ́yìn náà “hard resetting link”. Bí ó bá pọ̀, ext4 (ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì) lè ti ara rẹ̀ sí kíkà nìkan, kò ní gba kíkọ mọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ti kú pátápátá kí ẹ tó kà á, `journalctl -k -b -1` lè fi ti ìgbà tó ṣáájú hàn yín, bí dísìkì bá ráyè kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e lọ sí Banex, ọjà kọ̀ǹpútà ní Abuja, láti ra òmíràn, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín, kí ẹ sì wo `smartctl -a /dev/sda`, tó ń fi ìlera dísìkì hàn. Bí nọ́ńbà ìlà 5 tàbí 197 bá ń gòkè, dísìkì ló ń kú lọ. Bí ó bá jẹ́ 199, wáyà tàbí ojú ibi tí a ti ń ki wáyà bọ̀ ni. Iná tí wọ́n mú lọ lójijì náà máa ń fa wàhálà, ṣùgbọ́n ìyẹn á fi “recovery complete” ti ext4 hàn nígbà tí ẹ bá tún tan ẹ̀rọ, láìsí “hard resetting link” lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ yan kernel àtijọ́ nínú GRUB (ètò tó ń yan kernel nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan), lábẹ́ “Advanced options”. Dísìkì kan náà, wáyà kan náà, iṣẹ́ kan náà, àkókò ọjọ́ kan náà: ooru ọ̀sán oṣù Kẹta ní Abuja kì í ṣe ti òru. Bí àléébù bá dáwọ́ dúró, ẹ ti mú un.

Ìtura ráńpẹ́ wà. Ẹ kọ max_performance sínú /sys/class/scsi_host/host0/link_power_management_policy. Nọ́ńbà host lè yàtọ̀. Bí ara bá tu dísìkì, ẹ fi libata.force=nolpm (tó ń dá ìṣọ́ iná lò yẹn dúró) kún GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT nínú /etc/default/grub, kí ẹ sì ṣe update-grub. Bí kò bá ràn án, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi libata.force=noncq (tó ń dá títo àṣẹ sí ìlà fún dísìkì dúró) dánwò. Ti NVMe ni nvme_core.default_ps_max_latency_us=0. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan! Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jáwọ́ nìyí, ó sì dùn mí, torí àtúnṣe gidi kò tíì bẹ̀rẹ̀. Láàárín ẹ̀yà kernel méjì, commit (àyípadà kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù) sábà máa ń ju 10,000 lọ. `git bisect` máa ń pín wọn sí méjì, á pín ìdajì tó kù sí méjì, títí yóò fi ku ọ̀kan ṣoṣo. Bí ìgbà 14 tó fún gbogbo rẹ̀. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó kọ́ kernel tó wà láàárín, ẹ ó tan ẹ̀rọ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ó sì sọ bóyá good ni tàbí bad. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: `git bisect start`, `git bisect good v6.8`, `git bisect bad v6.9`. Gígé e kù sí `-- drivers/ata` yára, àmọ́ bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá wà ní fódà mìíràn, asán ni.

Ìtàn kernel tí ẹ máa gbà sílẹ̀ ju 2 GB lọ, nítorí náà dátà òru ló yẹ ẹ́. `make localmodconfig` á dín àkókò tí kíkọ́ kernel ń gbà kù gan-an, ṣùgbọ́n àwọn dráífà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò náà nìkan ló máa ń mú. Ẹ ki fláàṣì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti gbogbo ohun tí ẹ ń lò bọ̀ ọ́ kí ẹ tó ṣe é.

“Good” tí kò tọ́ ló máa ń ba bisect jẹ́ jù. “Bad” rọrùn, ojú rí i. Bí àléébù bá máa ń wáyé ní wákàtí kan sí méjì, ẹ jẹ́ kí kernel kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà kí ẹ tó pè é ní good, kí ẹ sì jẹ́ kí dísìkì máa sinmi láàárín, torí ìgbà tí kò níṣẹ́ ló ń sùn. Bí iná bá lọ, tí inverter kò sì gbé e, àyẹ̀wò yẹn ti bàjẹ́. Ẹ tún un ṣe. Kernel tí kò bá tilẹ̀ tàn nítorí ọ̀ràn mìíràn, `git bisect skip` ni tirẹ̀.

Bí commit bá ti fojú hàn, ẹ fi `git revert` yọ ọ́ kúrò lórí kernel tó tuntun jù, kí ẹ dán an wò. Yíyọ ọ́ fún gbogbo ayé kọ́ ló máa ń dára jù: nínú ọ̀ràn 6.9, ètò náà ń bá ọ̀pọ̀ dísìkì ṣọ́ iná lò. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi orúkọ àwọn SSD tó ní ìṣòro kún tábìlì inú libata-core.c, pẹ̀lú ATA_HORKAGE_NOLPM, àmì tó ń sọ fún kernel pé kó má ṣọ́ iná lò fún dísìkì náà (ATA_QUIRK_NOLPM ni wọ́n ń pè é báyìí). Ẹ kọ orúkọ náà gẹ́lẹ́ bí dmesg ṣe kọ ọ́. Bí ẹ bá kọ “CT*” (gbogbo orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CT), ẹ ti fìyà jẹ dísìkì tí kò ṣẹ̀.

Ìròyìn yín ń lọ sí linux-ide@vger.kernel.org, pẹ̀lú ẹ̀dà sí regressions@lists.linux.dev: orúkọ dísìkì, nọ́ńbà firmware rẹ̀ (ètò tó wà nínú dísìkì fúnra rẹ̀), dmesg ti kernel rere àti ti búburú, `git bisect log`, àti ìlà “#regzbot introduced:” pẹ̀lú nọ́ńbà commit náà (regzbot ni rọ́bọ́ọ̀tì tó ń tọpa regression). Bí ẹ bá fúnra yín kọ àtúnṣe, ìlà “Fixes:” pẹ̀lú lẹ́tà 12 àkọ́kọ́ nọ́ńbà commit náà àti “Cc: stable@vger.kernel.org” ni yóò jẹ́ kí ó dé àwọn kernel tí Ubuntu àti Debian ń gbé jáde.

Nígbà tó bá dé, ẹ yọ libata.force kúrò nínú GRUB kí ẹ tó dán an wò. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, kernel tí wọn kò tún ṣe pàápàá á dà bíi pé ó dára.