Kí Ẹ Tó Ta Ọkọ̀ Apẹja Yín, Ẹ Kọ́kọ́ Bu Omi Sí I

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, fi tírélà wọ́ ọkọ̀ alumíníọ̀mù ẹsẹ̀ bàtà 14 wá sí ẹ̀yìnkùlé mi níbí, nítòsí Houston. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ náà pẹja ní Lake Conroe àti Lake Livingston. Ní báyìí, orúnkún kò gbà wọ́n láyè mọ́, wọ́n sì fẹ́ tà á. Wọ́n ti ra gálọ́ọ̀nù ọ̀dà méjì lọ́nà.

"Àbúrò, ṣáà bá mi kùn ún kó dán. Bó bá ti dán, ẹni tó máa rà á ò ní pẹ́ dé."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀dà yẹn tì ná. Ẹ bá mi fa rọ́bà omi wá."

Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo ẹni tó ní irú ọkọ̀ yìí nílẹ̀ tó sì ń múra àtità á. Owó àti agbára tí ẹ bá fẹ́ ná, ẹ ná an síbi tí omi máa dé. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín máa gbé ọmọ rẹ̀ sínú ẹ̀, ó sì máa kúrò létí omi.

Orí tírélà la ti ń dán ọkọ̀ wò bóyá ó ń jò, inú rẹ̀ la sì ń bu omi sí. Bó bá jẹ́ ojú adágún lẹ ti dán an wò, omi á wọlé lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò ní mọ ibi tó gbà wọlé, torí ìdí ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa ṣàn lọ. Tó bá jẹ́ pé inú lomi wà, ibi tó ti ń jáde ò lè fara pamọ́. Ẹ dí ihò tí wọ́n fi ń fa omi dànù ní ìdí ọkọ̀, ẹ nu abẹ́ rẹ̀ gbẹ dáadáa, kí ẹ wá tú omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ínǹṣì 3 ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó kún. Bí abẹ́ ọkọ̀ bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tó sì gùn tó 12, omi ínǹṣì 3 nínú rẹ̀ wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún. Wọ́n ṣe ọkọ̀ kí omi lè gbé e ni, wọn ò ṣe é kó máa ru omi. Ẹni tó bá bu omi kún un dé etí lè tẹ abẹ́ rẹ̀ tàbí kó ṣẹ́ tírélà.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì, a sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ò rí nǹkan kan, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tó yá, lábẹ́ àga àárín, mo rí orí rífẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ìṣó kékeré tí wọ́n fi kan páànù ọkọ̀ mọ́ra, tó ń dán ju àwọn tó yí i ká lọ. Omi kóra jọ sí i lábẹ́, ó rọ̀ dirodiro, ó já. Mo ka oókan dé eéje kí òmíràn tó já. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yí i po. Kí a tó kúrò lábẹ́ ibẹ̀, rífẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá la ti sàmì sí. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Omi tí mo ń gbọ́n láti ọdún yìí wá, òjò ni mo rò pé ó ń rọ̀ sí i."

Ní Ẹ̀pẹ́ tí mo dàgbà sí, ọkọ̀ onípákó làwọn àgbà ń lò. Bí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀, ó máa ń jò lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ padà sómi, àmọ́ pákó á mumi, á wú, ojú ibi tó là á sì pa dé fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ti ibẹ̀ wá ló ní in lọ́kàn pé ọkọ̀ tó ń jò díẹ̀ máa tó fi í sílẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í wú. Ihò tó jò lónìí, ńṣe ló máa fẹ̀ sí i lọ́la, torí gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fò lórí ìgbì tó sì balẹ̀ ni rífẹ́ẹ̀tì ń mì nínú ihò rẹ̀.

Rífẹ́ẹ̀tì tó kàn tú díẹ̀ kò ju iṣẹ́ ènìyàn méjì lọ. Ọ̀kan á di irin wúwo mú gírígírí tì í nínú ọkọ̀, ìkejì á máa fi òòlù lù ú láti ìta títí yóò fi fún. Èyí tó bá ti jẹ, ẹ fi dírílì yọ ọ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi kun ojú ihò, kí ẹ wá ki tuntun bọ̀ ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún irú rífẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ ní ilé ìtajà irinṣẹ́: ihò wà láàárín rẹ̀ gbuurugbu, omi á sì gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tí orí rẹ̀ dí pátápátá ni kí ẹ béèrè. Síléékóónù tí wọ́n fi ń dí etí fèrèsé ilé ìwẹ̀ kọ́ lẹ máa fi dí ibi tó ń jò. Kì í pẹ́ tó fi máa ṣí, òróró tó máa fi sílẹ̀ lára páànù kò sì ní jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gidi tàbí ọ̀dà lè mú níbẹ̀ mọ́. Ó ti tó ìgbà mélòó tí mo ti fi odidi ọjọ́ kan ha síléékóónù ẹlòmíì kúrò kí n tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè mí fún.

Bí ara páànù fúnra rẹ̀ bá là, ẹ gbé e lọ bá wẹ́dà tó ń jó alumíníọ̀mù. Kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló lè ṣe é. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní nǹkan bí 660 lórí ìwọ̀n Celsius, àmọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń bo ojú rẹ̀ kì í yọ́ títí ooru fi máa kọjá 2,000. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á jó inú rẹ̀ dànù kí ojú rẹ̀ tó gbà.

Ibi tí mo ti máa ń rí ẹ̀tàn jù ni ìdí ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnì mọ́. Pákó ló wà láàárín páànù ibẹ̀, òun ló ń gbé gbogbo ìwúwo ẹ́ńjìnì. Omi máa ń gba ojú bóòtù wọlé, pákó á jẹrà nínú, ìta á sì máa dán. Ẹ fi ẹ̀yìn ìdìmú sukurudíráfà kan ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: pákó tó yè máa dún ko-ko-ko, èyí tó ti rà á dún bùtù-bùtù. Lẹ́yìn náà, ẹ di ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì mú, ẹ tì í lọ, ẹ fà á bọ̀. Bí ìdí ọkọ̀ bá ń mì tẹ̀lé e, ẹ má tà á bẹ́ẹ̀. Mo ti ra irú rẹ̀ rí, lọ́wọ́ ẹnì kan tó fi ọ̀dà tuntun bo gbogbo rẹ̀. Àárín omi ni bóòtù ti ya pákó náà, ọmọkùnrin mi àgbà wà pẹ̀lú mi. Okùn ni a fi so ẹ́ńjìnì mọ́ àga, a sì ń wa ọkọ̀ ní àjẹ̀ bọ̀ wálé títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò lè gbàgbé ìrìn ọjọ́ náà láéláé.

Bí ẹ bá ń pààrọ̀ pákó náà, pílíúdù tí omi kì í tú ni kí ẹ lò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń gba méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó ínǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin, tí a lẹ̀ pọ̀. Ẹ fi ipókísì, gọ́ọ̀mù tó máa ń le tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, kun gbogbo ara rẹ̀, títí kan inú ihò bóòtù. Ẹ má lo pákó tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò rin, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣe bí ewé. Bàbà ló pọ̀ nínú oògùn yẹn, bàbà àti alumíníọ̀mù kò sì lè jọ gbé. Bí omi bá ti da àwọn méjèèjì pọ̀, pàápàá omi iyọ̀ bíi ti Galveston, wọ́n á di bátìrì, alumíníọ̀mù lá sì máa jẹ dànù. Torí èyí náà ni a kì í fi ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ tó ní bàbà nínú kun irú ọkọ̀ yìí. Kódà owó kọ́ìnì sẹ́ǹtì kan, pàápàá tàtijọ́ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1982, tó jẹ́ pé bàbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, bó bá já sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí omi sì wà níbẹ̀, ó lè lu páànù já bó bá pẹ́. Ẹ gbá inú ọkọ̀ mọ́ tónítóní, kí ẹ ṣa gbogbo kọ́ìnì, ìwọ̀ àti òjé kúrò.

Fọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ àga ńkọ́? Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti mumi, ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i. Ẹ má fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo torí kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Fọ́ọ̀mù yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rì tán lọ́jọ́ tí omi bá kún inú rẹ̀.

Ọ̀dà tí ẹ̀gbọ́n gbé wá, mo sọ fún wọn kí wọ́n dá a padà. Ẹni tó mọ ọkọ̀ tó bá rí ọ̀dà tútù lára ọkọ̀ ogún ọdún, ohun tí wọ́n fi bò mọ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá. Ọṣẹ, omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Àwọn kan ń lo ásíìdì tó ń mú alumíníọ̀mù dán. Díẹ̀ nínú irú ásíìdì bẹ́ẹ̀ ní èròjà kan tó ń gba awọ ara wọlé dé egungun, kó tó di pé ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ ò bá ní ìbọ̀wọ́ tó yẹ àti ohun tí ẹ máa fi bo ojú, ẹ jìnnà sí i.

Ti ẹ́ńjìnì kò gùn. Ẹ fọ kabúrétọ̀, ẹ da epo àtijọ́ nù, ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ń fa omi tútù sókè. Ẹ tú ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì wò: bó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ ibẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, okùn ìwọ̀ tó wé mọ́ ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ ló gé rọ́bà tó ń dá omi dúró. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó bá ẹ́ńjìnì ní tútù. Ẹ má ti tan án sílẹ̀ dè é. Kó rí i fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbà.

Ní Texas níbí, Texas Parks and Wildlife Department ló ń ṣe ìwé ọkọ̀ ojú omi, ìwé ọkọ̀ sì yàtọ̀ sí ìwé ẹ́ńjìnì. Ẹ rí i pé orúkọ yín ló wà lórí méjèèjì. Ẹ fi nọ́ńbà inú ìwé wé lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá tó wà ní ìdí ọkọ̀, lápá ọ̀tún lókè. Páálí irin kékeré tó sọ iye ènìyàn àti ìwọ̀n ẹ́ńjìnì tí ọkọ̀ lè gbé, ẹ má yọ ọ́, ẹ má sì kun ọ̀dà bò ó.

Lẹ́yìn tí a ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n mú ìwé kan, wọ́n kọ ohun tí a ṣe sí i: rífẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá, pákó ìdí, rọ́bà ẹ́ńjìnì. Wọ́n kọ èyí tí a ò ṣe náà: táyà tírélà ti gbó, ẹgbẹ́ apá òsì tẹ̀ wọnú. Ọkùnrin tó wá rà á ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ sórí àga ọkọ̀, ó gbé tọ́ọ̀ṣì mi, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka rífẹ́ẹ̀tì tuntun náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kà á dé mọ́kànlá, ó béèrè pé èló ni táyà.