Tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kì í fìgbà gbogbo dín owó ọkọ̀ kù

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ẹni tó bá san owó ọkọ̀ oṣù kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló gbọ́n, pé ẹni tó ń san án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ ló ń fowó ṣòfò. Kẹ́nì kan ṣáà ráhùn pé owó ọkọ̀ ti wọ́n jù, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún àwọn kan. Fún ọ̀pọ̀ èrò, àdánù ni. Àwọn tí ẹ̀dínwó náà ì bá sì wúlò fún jù lọ, ọwọ́ wọn ò tó o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ní New York, láti oṣù Kẹjọ 2023 títí di ìparí 2025, dọ́là 2.90 ni owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, dọ́là 132 sì ni káàdì tó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 30. Ẹ fi 2.90 pín 132, ẹ ó rí 45.5. Ó dìgbà tí èèyàn bá wọkọ̀ nígbà 46 kí káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mérè wá. Ọjọ́ iṣẹ́ tó wà nínú ọjọ́ 30 kì í sì ju 22 lọ. Òṣìṣẹ́ tó lọ tó bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ méjìlélógún náà, láìpa ọjọ́ kan jẹ, ìgbà 44 ló wọkọ̀. Tí kò bá wọkọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, kò tíì débi tí èrè wà. Tí ibà bá dá a dúró sílé fún ọjọ́ méjì, ìgbà 40 ló kù, owó tó yẹ kó san jẹ́ dọ́là 116, dọ́là 16 tó kù ti wọgbó nìyẹn.

Ẹ wá wo ẹnì kejì, tó ń ṣe iṣẹ́ méjì, tó ń wọkọ̀ nígbà 60 láàárín ọjọ́ 30. Òun gan-an ni káàdì oṣù bá mu. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún un, kò sì sí ọjọ́ tí dọ́là 132 máa dúró sí i lọ́wọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn owó ilé àti oúnjẹ. Ló bá ń san án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú káàdì tí kò ní ààlà owó kankan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kí oṣù tó parí, ó ti san dọ́là 174. Ó fi dọ́là 42 ju ẹni tó lówó lọ́wọ́ lọ, nínú ọkọ̀ kan náà.

Àṣìṣe tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì oṣù ń bi èrò ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn: ìgbà mélòó lo máa wọkọ̀ lóṣù tó ń bọ̀? A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì. Ọ̀gá lè ní kí èèyàn máa ṣiṣẹ́ láti ilé, ọmọ lè ṣàìsàn, iṣẹ́ lè bọ́. Bí àbá rẹ̀ bá ṣì, èrò ló máa forí fá a. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ kì í dá owó ọjọ́ tí ẹ ò wọkọ̀ padà. Tí wọ́n bá sì gbà kí ẹ dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà láàárín oṣù, wọ́n sábà máa ń yọ owó iṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á sì ṣírò àwọn ọjọ́ tó ti kọjá ní iye owó tó wọ́n jù.

Ọ̀nà tó yanjú èyí ju gbogbo ọ̀nà yòókù lọ ni kí wọ́n fi ààlà sí owó tí èèyàn lè san. Èrò ò ní yan tíkẹ́ẹ̀tì kankan ṣáájú. Ó kàn ń fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbàkigbà tó bá wọkọ̀, owó ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ń ròkè, bó bá ti dé iye kan láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, ó tán, ìyókù di ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn tí ìrìn bá ti wáyé ni ẹ̀rọ á wo irú tíkẹ́ẹ̀tì tí ì bá dára jù fún un, ìyẹn náà ló sì máa san.

London ti ń ṣe é tipẹ́. Káàdì Oyster, tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ níbẹ̀, jáde ní 2003, wọ́n sì fi ààlà ojúmọ́ sí i ní 2005. Ní 2014, nígbà tí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ fún káàdì báńkì, ààlà ọ̀sẹ̀ tẹ̀ lé e. New York bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù Kejì 2022: owó ìgbà 12 ni wọ́n fi ṣe ààlà ọ̀sẹ̀. Ẹni tó lọ tó bọ̀ láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè ti san ìgbà 10. Tó bá lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Sátidé tó sì padà, ó di 12. Láti ìgbà náà títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí, kò ní san nǹkan kan mọ́. Ẹni tí kò jáde lópin ọ̀sẹ̀ sì san 10 péré, kò sẹ́ni tó gba owó méjì yòókù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èdè àìyedè ti ń wá. Ní London, bí ẹ bá fi káàdì báńkì kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà kì í ṣírò owó níbẹ̀. Gbogbo ohun tó ń wò ni bóyá káàdì náà ṣeé gbà, bóyá wọn ò tíì dí i pa. Ó kọ nọ́ńbà káàdì, ibi tẹ́ ẹ wà àti aago sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àárín gbùngbùn. Lóru, kọ̀ǹpútà yẹn á kó gbogbo ìrìn ọjọ́ náà jọ, á ṣírò wọn pa pọ̀, á wá yọ owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní báńkì. Ìdí nìyẹn tí iye owó fi lè má hàn lójú ẹ̀rọ, tí owó sì fi ń kúrò ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ ẹ̀rọ pàápàá yàtọ̀ sí tiwa: ní London, aago 4:30 òwúrọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní 4:29 ọjọ́ kejì, kí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ má bàa bọ́ sínú ọjọ́ tuntun lójú ọ̀nà.

Nọ́ńbà káàdì ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Kò mọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá fi fóònù wọkọ̀ láàárọ̀, tẹ́ ẹ wá fi káàdì gan-an wọ̀ ọ́ lálẹ́, ẹni méjì lẹ jẹ́ lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó méjèèjì ń jáde láti inú àkáǹtì kan. Nọ́ńbà tí fóònù ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sára káàdì. Nọ́ńbà mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nítorí àwọn olè. Aago ọwọ́ tó ń sanwó náà ní tiẹ̀. Torí náà ẹ mú ohun kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì dúró lórí rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi pé. Àwọn tó ń sọ pé ààlà ò ṣiṣẹ́ fún àwọn, ibí ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àṣìṣe kejì ni ká gbàgbé láti fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tá a bá ń jáde. Nínú bọ́ọ̀sì London, ìgbà ìwọlé nìkan tó. Nínú ọkọ̀ ojú irin, níbi tí jíjìnnà ti ń pinnu iye owó, ẹ̀rọ tí kò rí ibi tẹ́ ẹ ti jáde á gba iye tó ga jù lọ, owó yẹn kì í sì í wọ inú ìṣirò ààlà. Ẹ lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin lẹ máa béèrè.

Ìkẹta ni ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti London jẹ́ Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè. Àlejò tó dé ní Ọjọ́bọ̀ tó lọ ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ti lo ọjọ́ méje pé pérépéré, síbẹ̀ ààrin ọ̀sẹ̀ méjì ló há sí, ó sì lè má dé ààlà èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni New York ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2023 ni wọ́n yí i padà, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ téèyàn bá kọ́kọ́ fi káàdì kan ẹ̀rọ ni ọjọ́ méje tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyípadà kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ tí kò dúró sójú kan mọ iyì rẹ̀.

Kí ló dé tí gbogbo ìlú ò tíì ṣe é? Wọ́n á ní owó ò ní wọlé mọ́. Àwíjàre yẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Owó àsansílẹ̀ ń fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ ní owó lọ́wọ́ kó tó gbé èrò kankan, àwọn ìrìn tí ẹni tó rà á kò rìn sì jẹ́ èrè tí kò ná wọn ní nǹkan kan. Ààlà mú àǹfààní méjèèjì kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun, wọ́n ti ń fún olówó ní irú rẹ̀ látayébáyé. Ohun tí ààlà ṣe ni pé ó jẹ́ kí ẹni tí kò rí owó gọbọi san náà rí i gbà.

Ìgbàgbọ́ mìíràn tó sún mọ́ èyí ni pé tí owó bá ti jẹ́ iye kan náà fún gbogbo èèyàn, kò sí ìrẹ́jẹ mọ́. Ẹni tí ọkọ̀ kan gbé dé ibi iṣẹ́ tààrà lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà ò gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn, ìlọ́po méjì ló ń san. Kì í ṣe òun ló pín ọ̀nà ọkọ̀ sí méjì. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, London sọ bọ́ọ̀sì kejì di ọ̀fẹ́ láàárín wákàtí kan. Nígbà tó di 2018, èèyàn lè pààrọ̀ bọ́ọ̀sì níye ìgbà tó bá wù ú láàárín wákàtí yẹn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò nínú irú ètò yìí ni ìgbà tí aago bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni, tí ọkọ̀ yẹn lo ìṣẹ́jú 40, tẹ́ ẹ wá dúró fún ìṣẹ́jú 25 kí ìkejì tó dé, ìṣẹ́jú 65 ti lọ, ẹ ó tún sanwó. Ọkọ̀ tó pẹ́ ló jẹ̀bi, èrò ló san án. Níbi tí ọkọ̀ kì í ti í wá lemọ́lemọ́, wákàtí méjì ló bójú mu.

Fún àwọn tí kì í lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ mọ́, àwọn ọkọ̀ ojú irin ní England mú tíkẹ́ẹ̀tì kan jáde ní oṣù Kẹfà 2021: ọjọ́ 8 láàárín ọjọ́ 28, ọjọ́ tó bá wu èèyàn. Ó dára fún ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Fún ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mẹ́rin á bàjẹ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Jámánì gba ọ̀nà mìíràn ní oṣù Karùn-ún 2023: owó kan lóṣù, yúrò 49 níbẹ̀rẹ̀, 58 ní 2025, 63 ní 2026, fún gbogbo bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ àti ọkọ̀ ojú irin agbègbè jákèjádò orílẹ̀-èdè, yàtọ̀ sí àwọn ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Ó gba èèyàn lọ́wọ́ ìdàrúdàpọ̀ iye owó ìlú kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ owó àsansílẹ̀ náà ṣì ni, tí ẹ bá sì fẹ́ jáwọ́ níparí oṣù, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù náà.

Ẹ má sì rò pé ààlà ọ̀sẹ̀ ti pa tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ gígùn rẹ́. Ní London àti lórí ọkọ̀ ojú irin Britain, owó tíkẹ́ẹ̀tì oṣù jẹ́ owó ọ̀sẹ̀ kan lọ́nà 3.84, ti ọdún sì jẹ́ owó ọ̀sẹ̀ 40. Oṣù kan tó ọ̀sẹ̀ 4.35. Ẹni tó ń dé ààlà ọ̀sẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ láìyẹ̀, tó sì lówó ọdún kan nílẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 ló ń gùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò lówó yẹn san gbogbo 52. Portland ní Amẹ́ríkà ti fi káàdì Hop wọn, tó jáde ní 2017, dí apá kan ihò yìí: lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ọjọ́ náà di ọ̀fẹ́, ààlà oṣù sì wà lókè rẹ̀, tí èèyàn ń dé díẹ̀díẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ sílẹ̀. Tí káàdì ìlú yín ò bá ní ààlà oṣù, ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ wọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kẹ́ ẹ yọ ìsinmi àti ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ nílé kúrò, kẹ́ ẹ wá fi owó ẹ̀ẹ̀kan pín owó tíkẹ́ẹ̀tì oṣù. Tí iye ìgbà tiyín kò bá fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ju ohun tẹ́ ẹ rí lọ, ẹ má tíì rà á.