Bí Olùtọ́sọ́nà Ṣe Ń Ran Oníṣòwò Lọ́wọ́

Ọjà ń tà, àmọ́ owó kò sí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti bá ara wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé káwọn lọ yáwó. Olùtọ́sọ́nà tó mọṣẹ́ kò ní sọ pé kí wọ́n yá a tàbí kí wọ́n má yá a. Ìwé owó ni yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá. Ọjọ́ mélòó làwọn tó ń rajà láwìn fi ń jẹ gbèsè kí wọ́n tó san án? Ọjọ́ mélòó làwọn tó ń kó ọjà wá fi ń dúró de owó tiwọn? Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ 60 làwọn oníbàárà ń lò, táwọn tó ń kó ọjà wá sì ń gba owó wọn láàárín ọjọ́ 30, a jẹ́ pé bí ọjà bá ṣe ń tà sí i lọwọ́ á máa gbẹ sí i. Owó tí wọ́n bá yá, ihò yẹn náà ni yóò bá jáde.

Kì í ṣe pé oníṣòwò náà kò gbọ́n. Inú òwò ọ̀hún ló wà látàárọ̀ dalẹ́. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń báni rí tẹni.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Wyatt Brooks, Kevin Donovan àti Terence Johnson, tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2018 nípa àwọn obìnrin tó ń ṣòwò kéékèèké ní Dandora, nílùú Nairobi, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Wọ́n fi àwọn kan sí kíláàsì láti kọ́ bí a ṣe ń bójú tó òwò. Wọ́n so àwọn mìíràn mọ́ obìnrin tí òwò tiẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ládùúgbò ibẹ̀. Wọn kò ṣe nǹkan kan fáwọn yòókù. Èrè àwọn tó ní olùtọ́sọ́nà fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ju tàwọn tí wọn kò ṣe nǹkan kan fún lọ. Ẹ̀kọ́ kíláàsì kò mú èrè pọ̀ sí i. Ibi tí wọ́n ti lè rí ọjà rà lówó pọ́ọ́kú wà lára ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu olùtọ́sọ́nà, irú ìmọ̀ tí olùkọ́ tó ti ibòmíràn wá kò lè ní. Àmọ́ báwọn méjì-méjì tí wọ́n so pọ̀ náà ṣe ń ṣíwọ́ àtimáa rí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní ọ̀hún ń lọ sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tó pọ̀ jù fi wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ìmọ̀ràn. Òun ló máa pe ìpàdé, òun náà ló máa mú ọ̀rọ̀ wá. Bó bá kàn ní “ẹ gbà mí nímọ̀ràn,” ìmọ̀ràn tó bá gbogbo ayé mu ni yóò gbà. Bó bá ní “oníbàárà mẹ́ta ló ń mú ìdajì owó mi wá, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́ kí n dín iye owó ọjà kù,” ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n tó túká, wọ́n á fẹnu kò lórí ohun kan tí yóò gbìyànjú, àti ọjọ́ tí yóò wá jábọ̀. Ìjábọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí oníṣòwò kì í ní ọ̀gá tó ń bi í léèrè. Ohun tó bá sún síwájú lónìí lè wà bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún. Síbẹ̀, ẹni tó máa san gbèsè òwò ló gbọ́dọ̀ ṣe ìpinnu.

Ìtìjú ló ń ba àjọṣe yìí jẹ́ jù. Ẹni tó bá fi gbèsè pa mọ́, ìmọ̀ràn tó yẹ òwò ẹlòmíràn ni yóò gbé lọ sílé. Kó má sì di pé ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà ló lọ tú àṣírí fún. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ SCORE, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1964, máa ń so oníṣòwò mọ́ àwọn tó ti nírìírí, lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí dára, nítorí olùtọ́sọ́nà bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ tà.

Olùtọ́sọ́nà kan kò lè sinni débi gbogbo. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ òfo bẹ̀rẹ̀ òwò lè má tíì darí òṣìṣẹ́ 20 rí. Bí ìbéèrè bá ti ju ohun tó mọ̀ lọ, ẹlòmíràn ló kù láti wá kún un, olùtọ́sọ́nà náà gan-an ló sì sábà máa ń júwe ẹni náà.