Kí ni "ẹja ibú" túmọ̀ sí fún ẹni tó ń sin frontosa?

Wọ́n á ní ẹja ibú ni frontosa, ẹni tó fẹ́ sìn ín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àpótí gíláàsì tó ga gan-an. Kò nílò rẹ̀. Ibú tí wọ́n ń sọ, inú ara ẹja náà àti ìṣe rẹ̀ ló wà.

Adágún Tanganyika ni ilé rẹ̀, èyí tí Tanzania, Congo, Burundi àti Zambia jọ yí ká. Omi náà jìn tó 1,470 mítà, àmọ́ apá òkè nìkan ni ẹja ti lè mí. Frontosa, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí epìyà, ń gbé lẹ́bàá àpáta níbi tó jìn tó 30 sí 50 mítà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti dà bí ti ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó bá wọ omi tó 10 mítà, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ lára ti di ìlọ́po méjì ti òkè omi. Ní 40 mítà, ó ti di ìlọ́po márùn-ún. Àpò kan wà nínú frontosa tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kó rì, tí kì í sì í jẹ́ kó léfòó. Àpò yìí kò ní ihò tó yọ sí ọ̀fun. Inú ẹ̀jẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá wá fà á sókè lójijì, afẹ́fẹ́ inú àpò á wú, ikùn á le koko, ojú lè yọ síta, ẹja á sì dojú ikùn sókè. Ìdí nìyẹn tí àwọn òmùwẹ̀ tó ń mú un fi ń gbé e gòkè ní ìpele-ìpele, nígbà míì fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyà gidi ni. Èyí tí wọ́n bí sínú àpótí ni kí ẹ rà. Kò mọ ìnira yẹn rí.

Gígùn àti ìbú àpótí ló ṣe pàtàkì, nítorí akọ rẹ̀ lè gùn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, wọn kì í sì í fẹ́ dá gbé. Fún agbo kékeré, mi ò ní gbà kó dín ní 500 lítà. Kí pH omi, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí, wà láàárín 8 sí 9, kí ooru rẹ̀ wà ní nǹkan bí 25 Celsius.

Apẹja ni, àmọ́ kì í lé ẹran. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ Cyprichromis kò tíì ríran dáadáa, á rọra sún mọ́ wọn bí ẹni tí kò wo ibi tí wọ́n wà. Ẹnu á là, ẹja kan á wọlé. Nínú àpótí náà, ẹja kékeré tó ti bá a gbé lálàáfíà fún oṣù mẹ́ta lè di àwátì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó bá ti gba ẹnu rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ni.

Oúnjẹ tó ń rì ni kí ẹ máa fún un. Tó bá ń jẹun lójú omi, ó lè gbé afẹ́fẹ́ mì mọ́ ọn, kó wá máa léfòó láìlè sọ̀kalẹ̀. Iná àpótí kò gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ jù, ẹ má sì tàn án lójijì nínú òkùnkùn. Ẹ kọ́kọ́ tan iná yàrá, ẹ dúró díẹ̀: ẹ̀rù ìmọ́lẹ̀ òjijì lè mú kí ẹja ńlá bẹ́ẹ̀ fi orí gbá gíláàsì.