Ta Ló Ń Ka Ìṣẹ́jú Tí Ẹ̀rọ Fi Dákẹ́?

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2017, ètò tí S3, ibi ìpamọ́ fáìlì tí Amazon ń háyà fúnni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fi ń ṣírò owó oníbàárà ń falẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ yọ server (kọ̀ǹpútà tó ń dá oníbàárà lóhùn) díẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní agbègbè Virginia kó lè tún un ṣe. Ó ṣi àṣẹ tẹ̀, server tó yọ sì pọ̀ ju èyí tó ní lọ́kàn lọ fíìfíì. S3, níbi tí àìmọye iléeṣẹ́ ń kó fáìlì sí, dákẹ́ fún wákàtí mẹ́rin ó lé. Kódà pátákó tí Amazon fi ń sọ fáráyé pé ẹ̀rọ àwọn dá ṣáṣá kò lè yí àwọ̀ padà, torí orí S3 kan náà lòun náà jókòó sí.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ìṣẹ́jú 40,320 ló wà nínú oṣù Kejì ọdún yẹn. Láti aago 9:37 àárọ̀ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ títí di 1:54 ọ̀sán tó parí, lójú aago ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú 257 ni. Ká tilẹ̀ gbà pé kò sí ẹyọ ìbéèrè kan tó rí èsì ní gbogbo àkókò náà, àkókò tí S3 fi ṣiṣẹ́ lóṣù yẹn ṣì máa jẹ́ 99.36%. Àdéhùn tí Amazon bá oníbàárà ṣe sọ pé kò ní dín sí 99.9%, ìyẹn ni pé Amazon jẹ gbèsè. Èló? Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó S3 oṣù náà. Ẹni tó ń san 100 dọ́là á gba 10, wọn kò sì ní kà á sí i lọ́wọ́ o. Inú owó tó kù tó máa san ni wọn á ti yọ ọ́. Bí ọjà mílíọ̀nù kan bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ò kan àdéhùn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́, ó sì ń bíni nínú. Wọ́n á rí 99.9% lára ìpolówó, wọ́n á ní ẹ̀rọ ọ̀hún lágbára. SLA, bí wọ́n ṣe ń pe irú àdéhùn yìí, kò sọ nǹkan kan nípa agbára ẹ̀rọ. Iye tí olùpèsè máa san bó bá yẹ̀ ló ń sọ. Iléeṣẹ́ méjì lè máa lo ẹ̀rọ kan náà gẹ́lẹ́, kí ọ̀kan kọ 99.9 kí èkejì kọ 99.99, torí pé èkejì ti ṣírò rẹ̀ pé owó tí nọ́ńbà tó dùn-ún gbọ́ yẹn máa mú wọlé ju ìtanràn lọ.

Ẹ rántí pé ẹ̀rọ àjùmọ̀lò ni èyí tí Amazon ń háyà: ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń pín in lò. Ẹ wo ilé oníyàrá méjìlá tó jẹ́ tankì omi kan ṣoṣo ni lándílọ́ọ̀dù gbé sórí òpó. Ó mọ̀ pé èèyàn méjìlá kì í wẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ló bá ra tankì tó tó ẹni mẹ́fà, ó sì gbowó omi lọ́wọ́ méjèèjìlá. Jìbìtì kọ́. Bó bá ra tankì méjìlá, ta ló máa lè san owó ilé náà? Àmọ́ tó bá di aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gbogbo ilé fẹ́ wẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá tó ń báni fọṣọ gbowó ní yàrá kẹrin náà ti to báàfù mẹ́ta sílẹ̀. Ká má tíì sọ ti ọmọ tó gbàgbé ẹ̀rọ omi ní ṣíṣí. (Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà náà: ètò tí ẹni tó kọ ọ́ kò sọ fún un ibi tó ti máa dúró.)

Amazon fi ọgbọ́n kan yanjú èyí lórí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké rẹ̀. Ọ̀kan lára wọn, t2.micro, ń gba ẹ̀tọ́ mẹ́fà ní wákàtí kan; ẹ̀tọ́ kan jẹ́ ìṣẹ́jú kan tó fi lè lo gbogbo agbára CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Èyí tí kò bá lò á máa jọ títí dé 144, bí ayálégbé tó jí lóru láti pọnmi kún àmù rẹ̀. Bó bá ná an tán, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára CPU ló kù fún un. Ọgbọ́n tó dára ni: kò sẹ́ni tó lè fi aṣọ fífọ̀ fìyà jẹ ará ilé.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Lójú àdéhùn EC2, ìyẹn iṣẹ́ tí Amazon fi ń háyà kọ̀ǹpútà bíi t2.micro, ìgbà tí ẹ̀rọ kò bá lè bá ìta sọ̀rọ̀ mọ́ rárá ni wọ́n tó kà á sí pé kò sí. Èyí tó ń wọ́ bí ìgbín kò sí nínú ìṣirò. Bómi bá ṣáà ń kán tó, tó, tó, omi ń yọ nìyẹn.

Ti S3 tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gé oṣù sí ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Nínú ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo iye ìbéèrè oníbàárà tí S3 dá padà pẹ̀lú àṣìṣe, wọ́n á fi iye ìbéèrè rẹ̀ pín in, wọ́n á yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú 100%, wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ jọ wá ìpíndọ́gba. Bí ẹ ò bá béèrè nǹkan kan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún náà, 100% ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó ń sùn nígbà tí tankì gbẹ, tirẹ̀ kò gbẹ. Ẹni tó sì rí i pé ẹ̀rọ ń dákẹ́, tó wá fọgbọ́n dá ètò tirẹ̀ dúró kó má baà máa kanlẹ̀kùn lásán, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rí rẹ̀.

Owó náà kì í sì í wá fúnra rẹ̀. Oníbàárà ló máa kọ̀wé, kó fi àkọsílẹ̀ àṣìṣe tó rí ránṣẹ́ kí ìgbà ìsanwó kejì lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó parí. Ẹni tó jẹ gbèsè ní kọ̀ǹpútà tó mọ gbogbo ìṣẹ́jú tó fi dákẹ́, síbẹ̀ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló ń ka ìṣẹ́jú. Èyí kì í ṣe àìmọ̀.

Google tiẹ̀ rí ewu mìíràn. Wọ́n ní ètò kan nínú ilé tó ń jẹ́ Chubby, òun ló ń sọ fún àwọn server ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ta ló kàn láti fọwọ́ kan ohun àjùmọ̀lò. Chubby kì í sábà kú, débi pé àwọn ẹnjiníà gbàgbé pé ó lè kú, wọ́n kọ́lé lé e lórí láìní igi kankan nípamọ́. Lọ́jọ́ tó bá ṣubú, ilé wọn á wó. Ni àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí oṣù mẹ́ta bá ń lọ tí Chubby kò tíì dákẹ́ tó iye tí wọ́n yọ̀ǹda fún un, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ pa á fúngbà díẹ̀, kí wọ́n lè rí ilé tó máa mì.